Ẹjọ́ Polara: bí ìtò kòtò ara bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù kan ṣe di ọ̀ràn òfin

Ní ọdún 1985, ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso eré gọ́ọ̀fù ní Amẹ́ríkà, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí USGA, gbà láti san mílíọ̀nù 1.375 dọ́là fún ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bọ́ọ̀lù kan tó ń jẹ́ Polara, kí ẹjọ́ tí ilé-iṣẹ́ náà pè é lè parí. Ẹ̀sùn tí USGA ní sí bọ́ọ̀lù yìí kì í ṣe pé ó tóbi jù tàbí pé ó wúwo jù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé ó ń fò jìnnà ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tí wọ́n rí sí i ni pé àwọn kòtò kéékèèké tó wà lára rẹ̀ kò dọ́gba: àwọn kan jìn, àwọn kan kò fi bẹ́ẹ̀ jìn, ibi tí wọ́n sì to oríṣi kọ̀ọ̀kan sí ń mú kí bọ́ọ̀lù náà máa tọ́ ara rẹ̀ sọ́nà lójú òfuurufú nígbà tí ẹni tó gbá a bá gbá a wọ́. Nínú gbogbo ìtàn bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù, n kò mọ ìṣẹ̀lẹ̀ mìíràn tó fi iṣẹ́ kòtò hàn kedere tó báyìí, nítorí pé òun ni ìgbà tí ibi tí a gbẹ́ kòtò sí gba àfiyèsí ju iye rẹ̀ lọ.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yéni, ó yẹ kí á kọ́kọ́ wo ohun tí kòtò wọ̀nyí ń ṣe lára bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù gbogbo. Òfin sọ pé ìbú bọ́ọ̀lù kò gbọ́dọ̀ dín ní 42.67 mílímítà, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju 45.93 gíráàmù lọ. Kòtò ara rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 300 sí 500, jíjìn ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì ju nǹkan bí ìdámẹ́rin mílímítà lọ. Ó rọrùn láti fojú tẹ́ńbẹ́lú ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ bí a bá mú bọ́ọ̀lù tí ara rẹ̀ dán, tí kò ní kòtò kankan, tí a sì gbá a pẹ̀lú agbára kan náà, kò ní lọ ju nǹkan bí ìdajì ibi tí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ tó ní kòtò máa dé lọ.

Bọ́ọ̀lù tí ọ̀gá agbágọ́ọ̀fù fi ọ̀pá tó gùn jù lọ gbá máa ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀ pẹ̀lú eré nǹkan bí 70 mítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bó ti ń sáré lọ, afẹ́fẹ́ tó fara kàn án gan-an máa ń lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó sì ń tẹ̀ lé ìrísí rẹ̀ láti iwájú lọ sẹ́yìn. Lára bọ́ọ̀lù tó dán, afẹ́fẹ́ yìí ń ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́ láìdà rú, ṣùgbọ́n kò ní okun tí yóò fi bá ara bọ́ọ̀lù náà dé ẹ̀yìn; kò tíì kọjá ìdajì ọ̀nà tí yóò fi já kúrò, tí yóò sì fi àyè fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan sílẹ̀ lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, níbi tí agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tini ti dín kù gidigidi. Nígbà tí iwájú bọ́ọ̀lù bá ń kojú afẹ́fẹ́ tó ń tì í sẹ́yìn, tí kò sì sí èyí tó pọ̀ tó lẹ́yìn láti tì í síwájú, eré rẹ̀ kò lè ṣe kó má tètè rọlẹ̀. Kòtò ló ń yí ọ̀rọ̀ yìí padà. Ó ń da afẹ́fẹ́ tó lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù rú, afẹ́fẹ́ tó dà rú náà sì ń pò mọ́ èyí tó ń sáré lókè rẹ̀, ó ń gba okun lára rẹ̀, nítorí náà ó ń pẹ́ lára bọ́ọ̀lù kó tó já, àyè tó ń ṣófo lẹ́yìn sì ń dín kù. Nọ́ńbà tí àwọn onímọ̀ fi ń díwọ̀n ìfàsẹ́yìn yìí wà nítòsí 0.5 fún bọ́ọ̀lù dídán tó ń lọ ní irú eré bẹ́ẹ̀; fún èyí tó ní kòtò, ó lè wálẹ̀ dé nǹkan bí 0.25. Bọ́ọ̀lù dídán pẹ̀lú lè dé ibi tí afẹ́fẹ́ ara rẹ̀ á dà rú fúnra rẹ̀, àmọ́ eré tó máa nílò kó tó dé ibẹ̀ ju èyí tí àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù máa ń fún un lọ.

Iṣẹ́ kejì tí kòtò ń ṣe ló kan ọ̀ràn Polara jù. Ojú ọ̀pá gọ́ọ̀fù kì í dúró ṣánṣán, ó máa ń rọ̀ sẹ́yìn díẹ̀, ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bó bá ti kan bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù náà á máa yí sẹ́yìn bó ti ń lọ síwájú, nǹkan bí ìgbà 2,500 láàárín ìṣẹ́jú kan bó bá jẹ́ ọ̀pá gígùn ni, ó sì lè tó ìgbà 9,000 bó bá jẹ́ ọ̀pá kúkúrú tí wọ́n fi ń gbé bọ́ọ̀lù sún mọ́ ihò. Yíyí yìí ń mú kí afẹ́fẹ́ tó gba òkè bọ́ọ̀lù kọjá pẹ́ kó tó já ju ti ìsàlẹ̀ lọ, kí gbogbo rẹ̀ sì dorí kọ ilẹ̀ bó ti ń kúrò lẹ́yìn. Bọ́ọ̀lù ń ti afẹ́fẹ́ sísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ náà ń tì í sókè. Peter Guthrie Tait, ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì ní Yunifásítì Edinburgh ní Skọ́tláǹdì, ti kọ̀wé lórí èyí láàárín àwọn ọdún 1890, kò sì ṣòro láti mọ ibi tí ìfẹ́ ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára, torí pé ọmọ rẹ̀ Freddie gba ife ìdíje àwọn agbágọ́ọ̀fù tí kì í gbowó ní Bìrìtìkó ní 1896 àti 1898. Kí ìmọ̀ ìwé tó dé ibẹ̀ ni àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi oje igi gutta-percha mọ, tó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1848, ti kíyè sí i pé bọ́ọ̀lù tuntun tó ń dán máa ń já wálẹ̀ lójijì, pé èyí tí ọ̀pá ti ṣá lára kiri ló ń fò geere. Wọ́n wá ń fi òòlù ṣá tuntun kí wọ́n tó tà á. William Taylor, ẹnjiníà ará Leicester ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló wá gba ẹ̀tọ́ lórí kòtò roboto tí a mọ̀ lónìí, ní nǹkan bí 1905.

Agbára tó ń gbé bọ́ọ̀lù sókè yìí kan náà ló máa ń gbé e sọ nù. Bí ojú ọ̀pá kò bá kan bọ́ọ̀lù bó ṣe yẹ, tó ṣí sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, ọ̀pá inú afẹ́fẹ́ tí bọ́ọ̀lù ń yí po, ìyẹn ìlà tí a kò lè fojú rí tó gba àárín rẹ̀ kọjá, kò ní dúró gbọọrọ mọ́. Á dagun, apá kan á wálẹ̀ ju èkejì lọ. Agbára tí ì bá gbé bọ́ọ̀lù lọ sókè tààrà á wá fì sí ẹ̀gbẹ́. Fún ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá a, bọ́ọ̀lù sábà máa ń tẹ̀ lọ sí ọ̀tún, sínú igbó tàbí sínú omi, àṣìṣe yìí ló sì wọ́pọ̀ jù lọ láàárín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré náà àti àwọn tó ti ń gbá a láti ọjọ́ pípẹ́ tí ọwọ́ wọn kò tíì jáfáfá. Ó yẹ kí á fi sọ́kàn pé kì í ṣe agbára ọ̀tọ̀ kan ló ń fa bọ́ọ̀lù sí ẹ̀gbẹ́. Bí kòtò bá ṣe ń ran bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ láti gòkè tó, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa ràn án lọ́wọ́ láti yà kúrò lọ́nà tó bí ó bá ti dagun.

Ibí yìí ni Fred Holmstrom, olùkọ́ físíìsì ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ San Jose ní Kalifóníà, àti Daniel Nepela, onímọ̀ kẹ́místrì, gba wọlé. Wọ́n ṣàkíyèsí pé gbogbo aṣe-bọ́ọ̀lù ló ń sapá láti mú kí kòtò dọ́gba yí bọ́ọ̀lù ká, wọ́n sì bi ara wọn léèrè pé kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe òdì kejì rẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà fún wọn ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí àwárí náà ní 1974, bọ́ọ̀lù náà sì dé ọjà kí àwọn ọdún 1970 tó parí.

Ẹni tó bá mú Polara lọ́wọ́, tó sì yí i wò dáadáa, máa rí i pé ìlà kòtò mẹ́fà ló yí ìbàdí rẹ̀ ká, tí wọ́n jìn bíi ti bọ́ọ̀lù yòókù. Bó bá wá yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì wò, ìyẹn apá tó kù lọ́tùn-ún àti lósì ìbàdí náà, á rí i pé kòtò wà níbẹ̀ lóòótọ́ àmọ́ wọn kò jìn rárá, tó fi jẹ́ pé ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dán. Bí ó bá fẹ́ gbá a, kò gbọ́dọ̀ kàn gbé e lé orí èèkàn kékeré tí wọ́n ń pè ní tíì bí ó ṣe wù ú. Ó ní láti yí bọ́ọ̀lù náà títí tí ìbàdí oníkòtò náà á fi dúró lóòró, tí á sì kọjú sí ibi tó fẹ́ kí bọ́ọ̀lù lọ, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan wo ọ̀tún, kí èkejì wo òsì.

Bí a bá gbé e kalẹ̀ báyìí, tí a sì gbá a, ohun méjì ló ń ṣẹlẹ̀. Èkíní ni pé ìbàdí oníkòtò ló ń yí lójú ọ̀nà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dán ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí náà agbára ìgbésókè bọ́ọ̀lù náà kéré ju ti èyí tí kòtò jíjìn bo gbogbo ara rẹ̀; bí agbára náà bá sì kéré, ìwọ̀n tí bọ́ọ̀lù lè fi yà bí ó bá dagun náà kéré. Èkejì ló jinlẹ̀. Bí ìlà tí bọ́ọ̀lù ń yí po bá dagun, afẹ́fẹ́ kò tún bá ọ̀tún àti òsì bọ́ọ̀lù pàdé bákan náà mọ́, torí pé ibi tó jìn àti ibi tí kò jìn kò sí ní ipò wọn; àìdọ́gba yìí ń fún bọ́ọ̀lù ní ìtì díẹ̀díẹ̀ tó ń dá ìlà náà padà sí bó ṣe yẹ kó wà. Ẹni tó bá ti ta òkòtó rí ní kékeré mọ irú nǹkan yìí: ó lè kọ́kọ́ máa mì lọ sọ́tùn-ún sósì nígbà tó bá balẹ̀, àmọ́ bó ti ń yí lọ ni yóò máa nàró fúnra rẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí ì bá tẹ̀ wọ igbó á wá tẹ̀ díẹ̀, kò sì ní kúrò lójú pápá.

Kò sí ohun tí kò ní owó tirẹ̀. Nítorí pé agbára ìgbésókè ti dín kù, bọ́ọ̀lù yìí máa ń fò nísàlẹ̀, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ gún, tó ń gbá bọ́ọ̀lù lọ tààrà tẹ́lẹ̀, sì máa ń pàdánù ọ̀nà jíjìn bó bá lò ó. Àǹfààní rẹ̀ pẹ̀lú kò kọjá ìgbà àkọ́kọ́ tí a gbá bọ́ọ̀lù lórí ihò kọ̀ọ̀kan, nítorí òfin eré náà ni pé lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò lórí tíì, bó ṣe dùbúlẹ̀ sí ni kí a ṣe gbá a. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tẹ̀ ba kí ó máa yí ìbàdí bọ́ọ̀lù sójú ọ̀nà ní àárín pápá. Níbẹ̀, ìbàdí náà lè wo ibikíbi, bọ́ọ̀lù náà sì lè ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí. Bí a bá da gbogbo èyí pọ̀, ọ̀gá agbágọ́ọ̀fù kan kò nídìí láti fẹ́ ẹ. Àwọn tí ọwọ́ wọn wọ́ ló wà fún, àwọn náà ló sì pọ̀ jù lórí pápá gọ́ọ̀fù.

USGA kò fọwọ́ sí i. Títí di ìgbà yẹn, ohun tí òfin bọ́ọ̀lù ń ṣọ́ ni ìtóbi, ìwọ̀n, eré tó fi ń kúrò lójú ọ̀pá, àti láti 1976, òdiwọ̀n ọ̀nà jíjìn tí bọ́ọ̀lù kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Iron Byron, tí wọ́n fi orúkọ agbágọ́ọ̀fù Byron Nelson pè, ló máa ń fi apá irin gbá bọ́ọ̀lù léraléra lọ́nà kan náà kí wọ́n lè mọ ibi tó máa bọ́ sí. Kò sí èyí tó ká Polara mọ́ nínú gbogbo òdiwọ̀n wọ̀nyí, torí pé kò fi jíjìn hùwà ọ̀daràn. Nítorí náà ni USGA ṣe fi òfin mìíràn kún un ní 1981: bọ́ọ̀lù kò gbọ́dọ̀ ní ìwà tó yàtọ̀ sí ti bọ́ọ̀lù tó rí ọgbọọgba láti ìhà gbogbo, ìbáà jẹ́ nípa bí wọ́n ṣe yà á, bí wọ́n ṣe ṣe é, tàbí bí ẹnikẹ́ni ṣe mọ̀ọ́mọ̀ tún un ṣe. Bí wọ́n ṣe ń dán èyí wò kò le. Ẹ̀rọ náà á gbá bọ́ọ̀lù bí ìbàdí rẹ̀ bá dúró sí ọ̀nà kan, á tún gbá a bí ó bá dúró sí ọ̀nà mìíràn. Ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì kò gbọ́dọ̀ tóbi. Ní àkókò tiwa yìí, ààlà tí wọ́n fi sí i ni yáàdì 4 nínú ibi tí bọ́ọ̀lù balẹ̀ sí, àti ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá nínú àkókò tó lò lókè. Ohun tí wọ́n fi ṣe Polara gan-an ni ìyàtọ̀ láàárín ọ̀nà ìdúró méjèèjì, kò sì sí bí ó ṣe lè kọjá ìdánwò yìí.

Ilé-iṣẹ́ Polara gbé USGA lọ sí kóòtù. Ohun tó ń bí wọn nínú kò ṣòro láti lóye: wọ́n ti náwó, wọ́n ti gba ìwé ẹ̀tọ́, bọ́ọ̀lù wọn ti wà lọ́jà kí òfin tó lé e kúrò tó jáde. Bọ́ọ̀lù tí USGA bá sì kọ̀, ọjà rẹ̀ ti bàjẹ́ ní Amẹ́ríkà, nítorí pé àní ẹni tó ń gbá a fún ìgbafẹ́ lásán kì í fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ń yànjẹ. Ẹjọ́ náà fà títí di 1985, ìgbà tí ẹgbẹ́ méjèèjì yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn, tí USGA sì san owó tí mo mẹ́nu bà lókè. Òfin ọgbọọgba kò yí padà.

Ní tèmi, ìpinnu USGA lórí bọ́ọ̀lù náà tọ̀nà, àmọ́ bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ ló jẹ wọ́n lówó. Àwọn tó ń gbèjà Polara máa ń béèrè pé kí ló dé tí ọ̀pá gọ́ọ̀fù tí wọ́n kó ìwọ̀n irin rẹ̀ sí etí rẹ̀, kí àṣìṣe agbágọ́ọ̀fù má baà hàn tó bẹ́ẹ̀, fi bófin mu, tí bọ́ọ̀lù tó ń ṣe irú oore bẹ́ẹ̀ kò fi bófin mu. Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn ni pé ọwọ́ ènìyàn ló ń darí ọ̀pá títí tó fi kan bọ́ọ̀lù, iṣẹ́ tí ọ̀pá bá sì ṣe ti parí níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó ń tún ọ̀nà ara rẹ̀ ṣe lẹ́yìn tí ọwọ́ ti kúrò lára rẹ̀ ń bá ẹni tó gbá a ṣe apá kan nínú eré náà.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń sọ ìtàn yìí kì í sábà sọ, bẹ́ẹ̀ òun ni mo rò pé ó gbádùn mọ́ni jù. Kò sí bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù tó wà lọ́gbọọgba látilẹ̀. Abọ́ irin méjì tí wọ́n dé mọ́ra ni wọ́n fi ń tẹ awọ ìta bọ́ọ̀lù, ojúùpàdé àwọn abọ́ náà sì máa ń fi ìlà kan sílẹ̀ yí ìbàdí bọ́ọ̀lù ká. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kòtò kò lè wà lórí ìlà yìí, torí pé ẹ̀rọ ní láti fá ibẹ̀ kí ó lè dán. Ìyẹn ni pé bọ́ọ̀lù èyíkéyìí tó ní irú ìlà bẹ́ẹ̀ ní apá kan tó dán ju ìyókù lọ, ó sì máa ń fò lọ́nà tó yàtọ̀ díẹ̀ bí a bá yí ìlà náà sí ọ̀nà mìíràn. Kí bọ́ọ̀lù wọn lè yege ìdánwò ọgbọọgba, àwọn aṣe-bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í dín jíjìn tàbí fífẹ̀ kòtò ẹ̀rẹ̀kẹ́ kù díẹ̀, kí dídán ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè san dídán ìbàdí padà. Ọgbọ́n tí Holmstrom àti Nepela lò láti mú kí bọ́ọ̀lù má dọ́gba ni àwọn yòókù wá ń bu díẹ̀ lò láti mú kí tiwọn dọ́gba. Lẹ́yìn náà ni àwọn mìíràn wá mú kí ìlà ojúùpàdé náà máa ṣe kọ́rọkọ̀rọ, kí kòtò ìhà kan lè wọ àárín kòtò ìhà kejì, tí kò fi sí ìlà gbọọrọ kankan mọ́ lára bọ́ọ̀lù.

Orúkọ Polara tún padà sọ́jà ní nǹkan bí 2010, lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò mìíràn, pẹ̀lú ìtò kòtò tí wọ́n tún ṣe àti ọfà tí wọ́n yà sí ara bọ́ọ̀lù kí ẹni tó ń gbá a lè mọ bó ṣe máa gbé e lé tíì. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n sọ ọ́ gbangba pé bọ́ọ̀lù tó ń tọ́ ara rẹ̀ sọ́nà náà kò bá òfin ìdíje mu, pé àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù fún ìgbádùn ni àwọn ṣe é fún. Ẹni tó bá gbé e wọ ìdíje tí òfin gọ́ọ̀fù ń darí, yíyọ kúrò nínú ìdíje ni ìjìyà rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó bá sì fẹ́ kí bọ́ọ̀lù tuntun tirẹ̀ wọ àwọn ìdíje ńlá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi í ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, kí orúkọ rẹ̀ lè wọ ìwé àwọn bọ́ọ̀lù tó bófin mu, èyí tí USGA àti R&A ti St Andrews ní Skọ́tláǹdì, ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso eré gọ́ọ̀fù ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn, ń tún gbé jáde lóṣooṣù.